Ojú Tí Ọlọ́hun Tò Nínú Òkùnkùn

Nínú Súrátù Sumar, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé inú òkùnkùn mẹ́ta ni Òun ti dá wa nínú ìyá wa. Kí ni ojú ń ṣe níbẹ̀, níbi tí kò ti sí ohun wíwò?

Pasko Rakic, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, yẹ ọmọ inú ọ̀bọ wò, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1976. Oyún ọ̀bọ náà máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 165. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣan ojú ọ̀tún àti tòsì lọ́ mọ́ra nínú ọpọlọ bí òwú tí ọmọdé tú. Kí wọ́n tó bí i, olúkúlùkù ti bọ́ sí àyè tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò kọ́ wọn o! Súbúhánálláhì!

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán. Hubel àti Wiesel, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, dí ojú kan ọmọ ọ̀bọ lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ọpọlọ gba àyè ojú náà fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn rí. Ìyá tó bá rí funfun nínú ẹyinjú ìkókó, kó má sọ pé á kúrò tó bá dàgbà. Àwọn kan á fún omi ọyàn sí i. Omi ọyàn kò lè ṣí ohun tó dí. Kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.