Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Owó Eré Gọ́ọ̀fù àti Ìtọ́jú Ẹni Tí Ó Fara Pa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ òní, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ lórí owó tí àwọn ènìyàn ń kó jọ nídìí ìdíje gọ́ọ̀fù láti fi ran àwọn tí ó fara pa lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin yóò mọ Ọ̀fà Gáréèjì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, sí Ọ̀fà, àti sí àwọn ìlú mìíràn tí ó wà lápá ibẹ̀. Awakọ̀ ni o, àgbèrò ni o, ọlọ́kadà ni o, alábàárù ni o, apá àti ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo awakọ̀ kan níbẹ̀ tí ìjàǹbá ọkọ̀ dá itan rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí ìdí kankan. Wọn yóò gbà á, wọn yóò to eegun rẹ̀, wọn yóò rán ojú ọgbẹ́. Òkè ẹrù nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ sílé ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: orúnkún tí kò ká mọ́, iṣan tí ó ti rọ, ọ̀pá abẹ́ abíyá tí yóò rà, oṣù gbọọrọ tí kò ní lè wa ọkọ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, wà ní ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ báyìí, ní apá ibòmíràn nínú ìlú. Bí wọ́n bá ní kí awakọ̀ yìí máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, tirẹ̀ àti ti ẹni tí ń gbé e dìde, tó ohun tí yóò dá a jókòó sílé. Ibi tí ẹsẹ̀ tí dókítà ti tò ti ń gan nìyẹn.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ìtọ́jú yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó di ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ní 1945. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ físíótẹ́rápì títí dé ipele oyè. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń fi ìdárayá, ìfọwọ́wọ́ àti sùúrù dá agbára padà sí ara wà láàárín wa. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ta ni yóò san owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ibí ni gọ́ọ̀fù ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ní ìdíje àánú, olúkúlùkù agbá-gọ́ọ̀fù ń san owó ìwọlé; ilé iṣẹ́ ń sanwó kí orúkọ wọn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò 18; wọ́n sì lè ta ọjà ní gbàǹjo nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ń sọ pé eré olówó lásán ni, pé àwòrán inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń wá. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà. Síbẹ̀, eré yìí fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, 1949, bọ́ọ̀sì kan kọlu ọkọ̀ Ben Hogan, ògbóǹtarìgì agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Texas. Eegun ìbàdí, eegun èjìká, ọrùn ẹsẹ̀ àti ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rù pé bóyá ni yóò tún lè rìn. Oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ní oṣù Òkúdu 1950, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje gbogboogbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìgboyà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgboyà nìkan ni ó gbé e dìde. Ó rí àkókò, ó rí olùtọ́jú, kò sì sí ọjọ́ tí ó ní láti yàn láàárín owó oúnjẹ àti owó ìtọ́jú. Awakọ̀ Ọ̀fà Gáréèjì lè ní ìgboyà bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan yòókù ni kò ní.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú èdè. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ṣùgbọ́n kí òpè lè bá ọ̀gá díje, òfin yọ̀ǹda pé kí wọ́n yọ iye kan kúrò nínú ìgbá òpè. Ìyọ̀ǹda yìí ni Òyìnbó ń pè ní handicap. Eré pàṣípààrọ̀ kan tí wọ́n ti ń ki ọwọ́ bọ fìlà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀; ó wọ inú eré ìje ẹṣin, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù wíwúwo lé ẹṣin tí ó yára jù, kí àwọn yòókù má baà pàdánù kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ náà pe àkàndá ènìyàn. Ẹ kíyè sí i: alágbára ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹrù rù, kì í ṣe aláìlágbára. Kò sí agbá-gọ́ọ̀fù tí ń pe ìyọ̀ǹda yìí ní ìtọrẹ àánú. Òfin eré ni. Bí ó bá jẹ́ òfin lórí pápá, kí ló dé tí yóò fi di ojúàánú ní ilé ìwòsàn?

Òtítọ́ ni pé ìjọba ni ó ni ẹrù yìí jù. Òfin ìdójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí ibùsùn kò lè dúró de ọjọ́ tí òfin yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Kí owó ìdíje má ṣe di omi tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó yẹ. Èkíní, kí ó máa wáyé lọ́dọọdún. Láti 1970 ni ìdíje gọ́ọ̀fù ìlú Memphis, ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe ìrànwọ́ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí a ń pè ní St. Jude, ilé ìwòsàn kan náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èkejì, kí owó náà dé ìsàlẹ̀: owó ọkọ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, owó oṣù olùtọ́jú, kì í ṣe ẹ̀rọ tí a ṣí aṣọ lójú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí olórí alájọ ti ń ṣe. Àwọn awakọ̀ pàápàá mọ àjọ dídá. Bí wọ́n bá dá tiwọn mọ́ ti àwọn agbá-gọ́ọ̀fù, wọn yóò ní ohùn nínú bí wọn yóò ti ná an.

Ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ àwọn tí yóò jíròrò. Kí wọ́n má ṣe bi ara wọn léèrè iye tí a pa lórí pápá nìkan. Kí wọ́n bèèrè pé, lẹ́yìn ọdún kan, ènìyàn mélòó ni ó ti padà sídìí ọkọ̀ wọn.