ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ONÍLÉ ÀTI ÀTÚNṢE ÀDÚGBÒ: OJÚṢE WA

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìbàdàn)

 



Nígbà tí mo sọ fún àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa pé ọ̀rọ̀ ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ onílé ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àfáà, ṣé ọ̀rọ̀ gọ́tà àti owó ọlọ́dẹ náà ti di wáàsí ni?" Mo dá a lóhùn pé ó ti di wáàsí láti ìgbà tí Ànábì (SAW) ti kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá kírun tán, tí ó wá da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sí ojú àgbàrá kí òjò lè gbé e lọ bá ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó yẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò wa, àwọn ènìyàn ti kọ́lé, wọ́n sì ti kó wọ inú rẹ̀, kí ọ̀nà, iná àti gọ́tà tó dé. Àwọn onílé ni wọ́n dá owó jọ ra òpó iná. Àwọn ni wọ́n tún tiransifọ́mà ṣe nígbà tí ó jó. Àwọn ni wọ́n ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń gbé katakata wá láti tẹ́ ojú ọ̀nà. Ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọn a pe gbogbo ilé jọ. Akọ̀wé a ka ìròyìn ọdún tí ó kọjá. Akápò a ka owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Àwọn tí a yàn láti yẹ ìwé owó wò a sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé yóò fi ẹnu kò lórí iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò san àti iṣẹ́ tí a óò ṣe ní ọdún tuntun. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kì í rí níbẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí àìbìkítà ń fà. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀; ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ọjọ́ Jímọ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì, òjò tún rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó wó àwọn afárá, ó sì tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tí ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn nìkan. Lóòótọ́, òjò náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí etí odò àti pàǹtí tí a dà sínú rẹ̀ kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà. Ẹgbẹ́ onílé kan kò lè gbẹ́ Ògùnpa, àmọ́ omi àti ìdọ̀tí tí ó ń dé ibẹ̀, iwájú ilé wa ni ó ti kọ́kọ́ ń kọjá.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo da kọnkéré bo gọ́tà iwájú ilé mi kí ọkọ̀ lè máa wọlé, mo sì fi páìpù tóóró kan sí abẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé àti ọ̀rá fi dí i. Bí òjò bá ti rọ̀, omi a yà sí ilé tí ó kọjú sí tèmi, níbi tí opó kan ti ń ta èlùbọ́. Èlùbọ́ rẹ̀ rin, kò sọ nǹkan kan. Ní àárọ̀, yóò kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí pé Lèmọ́mù ni mo jẹ́.

N kì í lọ sí ìpàdé. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ilé kéwú kò jẹ́ kí n ráyè. Ní ọdún náà, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n wá ṣe àdúà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọdọọdún, mo sì lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ gọ́tà, ọ̀dọ́mọkùnrin ayálégbé kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Omi tí ó ń wọ ilé Ìyá Elélùbọ́, abẹ́ kọnkéré iwájú ilé yín ni kò ti rí ọ̀nà gbà."

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí bá a wí. Inú bí èmi náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí Ó fi òdodo hàn wá ní ìpàdé náà ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, mo fọ́ kọnkéré náà, mo ṣe èyí tí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì lọ bẹ ìyá náà pẹ̀lú owó èlùbọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ẹnìkan bá mi sọ ọ́." Títí di òní, mo ń bi ara mi pé: bí ọmọ náà bá ti sọ pé ayálégbé lásán ni òun, tí ó jókòó sí ilé ńkọ́?

Ẹ̀yin ará mi, Ànábì (SAW) fi àwọn tí ó jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn kan wà ní òkè, àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò ó pé dípò kí àwọn máa gòkè lọ pọn omi, kí àwọn kúkú lu ihò sí ibi tí ó jẹ́ tiwọn. Bí àwọn ti òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ihò ni mo lu sí àdúgbò wa. Ọmọ ayálégbé yẹn ni ó dì mí lọ́wọ́ mú. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Mo mọ àwíjàre tí a máa ń ṣe. Àwọn kan ń wí pé àwọn olóyè ń kó owó jẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a ń ka ìwé owó ni ó yẹ kí á wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, nínú Suuratul Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Nítorí náà, bíbéèrè ìwé ẹ̀rí owó kì í ṣe àfojúdi, bí a bá fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wí pé wọ́n ń fi ìpàdé sí àkókò ìrun. Ṣé a ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un síwájú, àbí ilé ni a jókòó sí tí a ń kùn? Ẹni tí ó sì ń jẹ àǹfààní iná àti ọlọ́dẹ, tí ó ní owó lọ́wọ́ tí kò san, ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Ó yẹ kí ìpàdé yọ̀ǹda fún opó àti àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì dé, kí ẹni tí ó rí jájẹ nínú wa sì san tirẹ̀ mọ́ tiwọn, sàráà ni.

Mọ́sálásí wa náà jẹ́ ilé kan ní àdúgbò. Kí omi àlùwàlá rẹ̀ má ṣàn wọ ọgbà ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ọkọ̀ wa má dí ẹnu géètì ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ kàwé. Ẹ yọ̀ǹda ara yín láti bá àwọn bàbá yín kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé owó. Kí oṣù kẹta tí òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ tó dé, ẹ rìn yí àdúgbò ká, kí ẹ mọ ibi tí omi ti ń wá àti ibi tí ó ń lọ. Bí ẹ bá kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà jáde, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sí etí rẹ̀, nítorí òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà. Bí ẹ bá sì rí àgbà tí ó lu ihò sí ọkọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún un, ìbáà jẹ́ Lèmọ́mù.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá lórí èyí tí a ti ṣe sí aládùúgbò wa, kí Ó sì dá àdúgbò wa sí lọ́wọ́ omíyalé. Àmín.