Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ilẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, Sábọ́n Gàrí, Kánò)

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ìṣọ̀ lọ́jà tí ó sì tún ní oko díẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ọ̀rọ̀ oko náà ni a mú wá.

Kí òfin tó dé, àwa kan fín oògùn apakoríko tí à ń pè ní atrazine sí àgbàdo, a sì pò ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ. Òjò tètè lọ. Nígbà tí ọdún yípo, a gbin ẹ̀wà sójú kan náà. Ó hù, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ pọ́n láti etí, ó gbẹ, ó sì kú. A ní iṣẹ́ ayé ni. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ọwọ́ ara wa ni.

Nínú ṣíbí tíì kan erùpẹ̀ rere, bakitéríà, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, lè ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní 1995, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ròyìn ọ̀kan, Pseudomonas, tí ń jẹ atrazine. Yóò kọ́kọ́ yọ klorínì kúrò lára rẹ̀, agbára tí ó fi ń pa ewéko yóò sì tán. Lẹ́yìn náà yóò já ìyókù wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń fẹ́ omi. Ní Kánò, láti oṣù kẹwàá dé oṣù karùn-ún, ilẹ̀ gbẹ táútáú, iṣẹ́ wọn sì falẹ̀. Oògùn tó ṣẹ́kù yóò máa dúró de òjò, bí gbèsè tí a kò san.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ràn. NAFDAC ti fi òfin de atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Kí ẹnikẹ́ni má rà á, kí ó má sì tà á. Oògùn yòówù tí òfin gbà, ẹ wọ̀n ọ́n bí ìwé ara rẹ̀ ti wí. Ẹ fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ilẹ̀. Ẹ má fọ pọ́ǹpù létí kànga: òṣìṣẹ́ kò pọ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ń fu yín lára, ẹ bu erùpẹ̀ rẹ̀ sínú agolo, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀wà mẹ́wàá kú sàn ju kí oko kú lọ.