Ẹ Béèrè Owó Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Na Káàdì

Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún náírà ni mo mú wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ó kéré o. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìsọ̀ kan wà lẹ́bàá títì tí ń gba sọ́wédowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dúró de báǹkì. Wọn a san owó fún un lójú ẹsẹ̀, wọn a sì yọ tiwọn níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, oní-POS ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà jáde fún àwọn tí ń ṣe aṣojú báǹkì, kí owó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí báǹkì jìnnà sí.

N kò wá bú oní-POS. Òun náà ń wá owó kiri kí ó tó rí èyí tí yóò kà fún yín, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ sì ń yọ tiwọn lára rẹ̀. Alágbàṣe ni, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí i. Ohun tí mo ń wí ni pé kí á mọ iye tí à ń san.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní oní-POS kan ń gba ₦100 lórí owó yòówù tí kò bá ju ₦5,000 lọ. Ìyá kan ń gba ₦1,000 lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀: ₦500 ni yóò san. Aládùúgbò rẹ̀ gba ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ₦100 péré ni tirẹ̀. Iye owó kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ jẹ́ náírà 10 lórí ọgọ́rùn-ún, ti èkejì sì jẹ́ náírà 2. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52, èkíní yóò san ₦26,000, èkejì yóò san ₦5,200. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦20,800. Ṣé owó ìwé ọmọ kọ́ nìyẹn?

Ẹ tún ṣe àfiwé oní-POS méjì. Ọ̀kan lè máa gba ₦100 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan. ₦400 ni yóò gbà lórí ₦20,000. Èkejì lè gba ₦150 lórí ₦5,000, kí ó sì gba ₦300 péré lórí ₦20,000. Ẹni tí ó dára fún owó kékeré lè má dára fún owó ńlá. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó na káàdì, ẹ wí pé: “Ọmọ mi, èló lẹ ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ATM ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé ọ̀fẹ́ ni ti báǹkì ẹni. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti báǹkì mìíràn, tí ó sì wà nínú ọgbà báǹkì, ₦100 ni lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wà níta ọgbà báǹkì lè fi tó ₦500 kún un. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí lílọ àti bíbọ̀ Ṣakí bá ju owó oní-POS lọ, kò sí èrè níbẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ ná ọjà ní Ṣakí tẹ́lẹ̀ ni kí ó gba owó rẹ̀ bọ̀.

Ẹ kò gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Owó wọ́n bí ojú. Níbòmíràn, ₦200 tàbí ₦300 ni ènìyàn ń san kí ó tó rí ₦1,000 gbà, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí á máa ná owó àtijọ́ títí ìparí ọdún náà. Èyí kọ́ wa pé bí owó bá ti wọ́n ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ń ga. Iye àná kọ́ ni iye òní. Ojoojúmọ́ ni kí á máa béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi jẹ́ ti ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa àgbà tí ẹ ń rán ọmọ lọ gba owó. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì kì í ṣe ohun tí a ń kọ sórí bébà fún ọmọdé. Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín, ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ náà pọ̀, ẹ ka owó yín níwájú ẹni tí ó kà á fún yín, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n yọ. Òógùn ojú yín ni. Ó dàbọ̀ o.