Òùngbẹ Nìkan Kọ́: Bí Ọ̀dá Ṣe Ń Fi Ebi Pa Irúgbìn àti Igi

Ìbéèrè tí a gbé síwájú mi lórí ètò yìí ni pé, kí ni ọ̀dá ń ṣe fún irúgbìn àti igi? Ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé òùngbẹ ni ọ̀dá fi ń pa wọ́n. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ebi a máa bá òùngbẹ rìn, àti pé ewéko fúnra rẹ̀ ni í pa iná oúnjẹ rẹ̀, kí omi inú rẹ̀ má baà tán.

Èdè ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe onímọ̀ nípa ewéko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dá mú púpọ̀ ní abúlé wa lọ́dún kan. Àbúrò bàbá mi ní oko kòkó tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn igi náà wọ́wé, ṣùgbọ́n wọn kò kú. Òjò dé, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì tí òjò ti ń rọ̀ ni wọ́n wá ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń bèèrè pé, "Omi ti dé, kí ni ó tún ń pa kòkó?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi tọ́ka sí ìyá arúgbó kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wọ́n ní àjẹ́ ni. Ìyá náà kò tún jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Àìmọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Báwo ni ewéko ṣe ń jẹun? Gbòǹgbò kì í fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò; omi àti iyọ̀ inú ilẹ̀ ni ó ń fà. Ewé gan-an ni ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ ni klorofíìlì, èròjà tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń sè ni omi àti kábọ́ǹ-dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta. Bí ó bá sè é tán, ó rí ṣúgà, afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn tí àwa ń mí sínú a sì jáde. Ní 1779 ni Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Nẹ́dálándì, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewé ti ń tú afẹ́fẹ́ rere yìí jáde. Bí a bá ń wá orúkọ fún iṣẹ́ náà ní èdè wa, àbá tèmi ni ìfoòrùn-dáná. Olùkọ́ tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.

Lára ewé, pàápàá ní abẹ́ rẹ̀, ni àwọn ihò tíntìntín wà tí ojú lásán kò lè rí. Ètè méjì ni ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Bí omi bá kún inú ètè náà, wọn a wú, ihò a ṣí; bí omi bá dín, wọn a rọ̀, ihò a pa dé. Ojú ihò kan náà tí kábọ́ǹ-dáyọ́ksáìdì ń gbà wọlé ni omi ń gbà jáde. Pàṣípààrọ̀ náà kò sì dọ́gba: nínú 100 gáláànù omi tí gbòǹgbò bá fà, èyí tí ń gba ojú ewé fò lọ lé ní 90.

Nígbà ọ̀dá, gbòǹgbò tí ó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ a fi èròjà kan ránṣẹ́ sí ewé pé nǹkan kò rọgbọ. Ihò a pa dé. Omi kò sá lọ mọ́, ṣùgbọ́n ohun sísè kò wọlé mọ́. Oòrùn kò sì tìtorí èyí dáwọ́ ríràn dúró. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò òfìfo. Bí ó bá pẹ́, ìkòkò a fọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé agbára oòrùn tí ewé kò rí lò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ohun èlò ìdáná inú ewé jẹ́.

Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ̀wà a yí ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà kọjú sí i gan-an. Ẹ̀gẹ́ a tètè pa ihò rẹ̀ dé, a wọ́wé, a sì dúró de òjò. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, inú iṣu rẹ̀ ni yóò ti yọ oúnjẹ láti fi rú ewé tuntun. Àgbàdo a ká ewé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Òun, ọkà bàbà àti ìrèké tún lè kó kábọ́ǹ-dáyọ́ksáìdì jọ sínú ewé, tí wọ́n fi lè dáná nígbà tí ihò wọn kò ṣí tán. Síbẹ̀, ọ̀dá tí ó bá àgbàdo nígbà tí ó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ burú jọjọ. Irun ọmọ àgbàdo a pẹ́ kí ó tó yọ. Nígbà tí yóò fi yọ, lẹ́búlẹ́bú orí ìrùkẹ̀rẹ̀ ti bọ́ tán, àgbàdo náà a sì ṣe eyín ṣákaṣàka. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wà lára àwọn tí ó ti mú irú àgbàdo tí ó lè fara da ọ̀dá jáde.

Ti igi ńkọ́? Àràbà àti tíìkì a máa wọ́wé lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ́wé wọn kì í ṣe ikú. Igi ní oúnjẹ tí ó tò pamọ́ sínú èèpo, ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Èyí ni ó ń jẹ nígbà tí ilé ìdáná bá tì. Bí ọ̀dá bá pẹ́ jù, nǹkan méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Èkíní, oúnjẹ àpamọ́ lè tán. Èkejì, omi tí ń gòkè nínú igi dà bí okùn tí a fà le. Bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, okùn náà a já, afẹ́fẹ́ a sì gba ojú ọ̀nà omi. Bí òjò tilẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn èyí, omi lè má rí ọ̀nà dé orí igi mọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó ń pa igi jù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé igi lè kú lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí ọ̀dá ti parí. Gbòǹgbò kòkó tí ń fa omi kò sì jìn nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè abúlé wa.

Kí ni ṣíṣe? Kí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ibòji fún kòkó kékeré. Kí a fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi àti orí ebè, dípò kí a dáná sun ún. Kí a má sì tètè gé igi tí ó wọ́wé: ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, igi náà ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi fasilíìnì kun abẹ́ ewé mélòó kan lára ewéko inú ìkòkò, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí ohun tí dídí ihò ń ṣe fún ewé. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní tọ́ka sí ìyá ẹnìkan bí igi bá kú. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.