Òtútù Àyà Tí Í Bá Aláìsàn Nínú Ilé Ìwòsàn



Bí a bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀ a máa balẹ̀. Wọn a ní ó ti dé ọwọ́ àwọn tí ó mọ ìtọ́jú. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé inú ilé ìwòsàn gan-an ni ó ti í bá ènìyàn. Òtútù àyà ni. Èyí tí ènìyàn gbé wá láti ilé kọ́ ni à ń wí. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn ti lo wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ibùsùn ni. Àwọn tí ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún jù ni àwọn tí ó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Ká mú un pé adẹ́mu kan já láti orí ọ̀pẹ, ó fi orí gbá ilẹ̀, kò sì mọ ẹni tí ń pè é mọ́. Dókítà yóò ti rọ́bà gba ẹnu rẹ̀ lọ sí ọ̀nà èémí, yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Rọ́bà yìí ni ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Rọ́bà yìí kan náà ni ó la ọ̀nà fún àrùn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí itọ́ bá ṣèèṣì yà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, yóò húkọ́, yóò sì tú u jáde. Ẹni tí kò mọ ara mọ́ kò lè húkọ́ bẹ́ẹ̀. Itọ́ tí ó kún fún kòkòrò àrùn a máa ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá rọ́bà náà, títí yóò fi dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí aláìsàn bá sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú a máa ru padà sí ọ̀fun.

Irú ìtọ́jú yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì lè mí mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí a dá ihò sí wọn ní ọ̀fun, kí a ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí wọn nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí 1,500 ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán tòru. Láti inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yàrá ìtọ́jú àkànṣe ti ṣẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọ̀kan nínú àwọn ààbò tí ó wúlò kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní Barcelona, ní ilẹ̀ Spain, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Aláìsàn 86 tí ẹ̀rọ ń bá mí ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n tẹ́ àwọn 47 gbalaja. Wọ́n gbé orí ibùsùn àwọn 39 yòókù sókè dé ìdajì ọ̀nà láàrin ìdùbúlẹ̀ àti ìjókòó. Nínú àwọn 47, àmì òtútù àyà hàn lára 16. Nínú àwọn 39, mẹ́ta péré ni. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró kí ó tó dé òpin.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀, tí yóò bá orí ọmọ rẹ̀ lókè, tí àánú yóò sì ṣe é, tí yóò fẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ó lè sùn. Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ti gbé e sí. Bí ẹ bá sì bá a ní títẹ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́; ó lè jẹ́ pé egungun ẹ̀yìn ni ó ṣẹ́, nọ́ọ̀sì nìkan ni ó lè sọ. Ẹ má ṣe fi ṣíbí da ògì sí i lẹ́nu, bí ó ti wù kí ebi rẹ̀ máa pa yín lójú. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ògì náà lè gbà lọ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn wà tí wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì tún wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ ni kòkòrò ń bá rìn láti ibùsùn kan dé èkejì, ọwọ́ dókítà kò yàtọ̀ sí ti àlejò. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fọ eyín aláìsàn lójoojúmọ́. A sì máa dín oògùn oorun rẹ̀ kù láti wò bóyá ó lè dá mí, nítorí bí rọ́bà bá ti pẹ́ tó lọ́fun ni ewu ń pọ̀ tó.

Bí adẹ́mu wa bá padà sílé, tí ibà sì dé láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí ó ń wúkọ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí àwọ̀ padà, tí èémí rẹ̀ ń yára, ẹ má ṣe ra kápúsù fún un lọ́jà. Kòkòrò tí a kó nínú ilé ìwòsàn sábà máa ń lágbára ju oògùn tí a mọ̀ lọ. Ẹ gbé e padà kíákíá, ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, ẹ sì sọ iye ọjọ́ tí ó lò níbẹ̀ àti iye ọjọ́ tí rọ́bà fi wà ní ọ̀fun rẹ̀ fún dókítà.