Ìtọ́jú Ayaba Oyin ní Àkókò Òjò

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹ̀ka Àkúrẹ́ ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fẹ́ kí Ẹgbẹ́ ra àpótí oyin tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ wa nílé, nítorí pé mẹ́fà nínú àpótí mẹ́wàá tí wọ́n ní ti ṣófo kí òjò tó dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí àwa tí a ń sin oyin kí ẹ tó ná owó náà. Kì í ṣe àpótí ni a ṣe aláìní; ayaba ni.

Àwọn baba wa kì í sin oyin. Wọn a rí i nínú ihò igi, wọn a fi iná lé e lóru, wọn a sì kó afárá lọ. Bí agbo kan bá kú, igbó pọ̀ nígbà náà, òmíràn a wá rọ́pò. Lónìí, oko àti ilé ti gba igbó náà.

Agbo oyin kan, ayaba kan ni. Ẹyin tí ó di ayaba àti èyí tí ó di òṣìṣẹ́ kò yàtọ̀ rárá. Oúnjẹ ni ó yà wọ́n nípá. Ní ọjọ́ kẹta ni ẹyin ń di ìdin. Ìdin tí àwọn olùtọ́jú bá fi omi funfun tí ń sun láti orí wọn bọ́ títí dé òpin ni ó ń di ayaba ní nǹkan bí ọjọ́ 16. Òṣìṣẹ́ ń gba ọjọ́ 21, akọ ń gba ọjọ́ 24. Nítorí náà, ènìyàn lè fi ìyẹ́ adìẹ tí a gé ẹnu rẹ̀ gbé ìdin kékeré sínú ife ìda, kí ó sì gbé e fún agbo tí kò ní ayaba láti tọ́. G. M. Doolittle, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé ọ̀nà yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1889.

Ìyẹn rọrùn. Ojú sánmà ni ó le. Ayaba kì í gba akọ nínú ilé. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá jáde nínú ife ni ó ń fò lọ pàdé wọn lókè, ó sì lè gba akọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán tí oòrùn ràn ni ó ń fẹ́. Bí òjò bá sé e mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti bọ́: ẹyin akọ nìkan ni yóò máa yé, agbo náà yóò sì parun. Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, bí òtútù àti òjò bá pẹ́ ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ohun kan náà ni ó ń bá àwọn olóyin ibẹ̀ jà.

Àwa náà ti jìyà àìmọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan ni a gbé ìdin mẹ́wàá sínú ife. Inú wa dùn, a tilẹ̀ ti ń pín àwọn ayaba náà lọ́kàn wa. Méjì péré ni ó jáde láyọ̀. Òjò sì rọ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan sọnù, èkejì yé ẹyin, ṣùgbọ́n akọ ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan ní ayé ni ó ṣe é. Òjò ni.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́. Bí a bá gbé ìdin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ayaba yóò jáde ní ọjọ́ 13, àkókò ìfò rẹ̀ yóò sì bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 19, nígbà tí òjò Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń rọ̀ kíkankíkan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, yóò jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, yóò sì máa fò ní nǹkan bí ọjọ́ 7. Òjò ti ń lọ nígbà náà, ewé Akíntọ́lá sì ti ń múra àtiyọ òdòdó.

Ó ku àwọn akọ. Láti ìgbà tí ẹyin akọ ti wà títí yóò fi dàgbà tó ayaba, ó tó ọjọ́ 36. A gbọ́dọ̀ rí ẹyin wọn, nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí òjò bá fọ òdòdó dànù tí ebi sì wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ kì í tọ́ akọ; lílé ni wọ́n ń lé wọn síta. Omi ṣúgà tí a fún wọn láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni yóò mú wọn rò pé ọ̀pọ̀ ti dé.

Ní ti àpótí fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: páànù lórí, kí iwájú tẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde, kí ẹnu ọ̀nà kéré, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo epo ọkọ̀ nítorí ẹ̀ẹ̀rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má ṣe bá wa mú ayaba bọ̀ o, bí ó ti wù kí ó tutù tó. Àrùn lè bá a wọlé, oyin wa sì ti mọ ilẹ̀ yìí. Aṣọ funfun àti ìbòjú ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí Akápò ni pé kí a dá ríra àpótí dúró, kí ó sì yọ owó ṣúgà fún àpótí mẹ́rin tí oyin ṣì wà nínú wọn kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Àwọn akọ kò ní dúró de ìpàdé wa tí ń bọ̀.